Ìṣẹ́jú Àáyá Mẹ́rin Tàíbátù

Ní Alábà nígbà náà, ẹni tó bá sọ pé etí mi kò gbọ́ràn dáadáa, ìjà ló ń wá, mo sì máa ń fún un. Yẹ̀kínì Rájí ni mò ń jẹ́. Ọdún méjìlélógún ni mo ti fi ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe kí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1991. Bí wọ́n bá gbé rédíò tó ń kùn dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, mi ò ní tíì tú ẹ̀yìn rẹ̀ tí màá ti sọ ibi tó ń dùn ún. Àwọn tí wọ́n ti dé Alábà ṣáájú mi pàápàá máa ń gbé iṣẹ́ tó bá dojú rú wá, wọ́n á ní kí n bá àwọn gbọ́ ọ. Ìgbéraga ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń bọ́ ilé mi.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì, mo wọ yunifásítì ní Ọ̀jọ́. Ó ti sú mi kí n máa mọ ohun tí mo máa ṣe kí n má mọ ìdí tí mo fi ń ṣe é. Ìyàwó mi, Tàíbátù, tó ń ta síìpù, bọ́tìnnì àti òwú ìránṣọ ní Ìyànà Ìbà, kò bá mi jiyàn. Ọdún mélòó ni, ohun kan ṣoṣo tó bi mí nìyẹn. Mo ní márùn-ún. Àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀ títí, ìjọba ti ilé ìwé pa títí, ọdún márùn-ún wá di mẹ́fà. Gbogbo ìgbà náà, ọjà Tàíbátù la fi ń jẹun jù. Tó bá wá ń bá mi sọ̀rọ̀ nílé, tí mo sorí kodò sínú ìwé tàbí sínú rédíò oníbàárà, èmi á ní, "Mò ń gbọ́." Ó máa ń sọ pé bó bá ṣe pé síìpù ni "mò ń gbọ́" mi, òun ì bá ti kó o kún ṣọ́ọ̀bù méjì.

Kọ́ọ̀sì kan ló kù mí kù. DSP ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ bí a ṣe ń sọ ohùn di nọ́ńbà, tí a ó fi ìṣirò tún nọ́ńbà náà ṣe, tí a ó sì sọ ọ́ padà di ohùn. Dọ́kítà Ọláìtán ló ń kọ́ wa. Mo fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ. Òun ń pè mí ní "ẹ" nítorí ọjọ́ orí, èmi náà ń pè é ní "ẹ" nítorí ìwé, a ó sì bọ̀wọ̀ fún ara wa títí ìbéèrè kékeré kan á fi jẹ ìdajì wákàtí. Àwọn ọmọ kíláàsì yòókù ń pè mí ní Bàbá Kíláàsì, wọn ò sì jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Dọ́kítà Ọláìtán ya aago sójú pátákó. Ó ní kọ̀ǹpútà kì í gbọ́ ohùn bí a ṣe ń gbọ́ ọ. Ńṣe ló máa ń la ojú wò ó, á tún dijú, á tún là á, ìgbà ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó wá bi wá pé bí ènìyàn bá ń wo aago lẹ́ẹ̀kan péré ní wákàtí mọ́kànlá mọ́kànlá, kí ni yóò rí? Lákọ̀ọ́kọ́, ọwọ́ aago wà lórí méjìlá. Lẹ́ẹ̀kejì, ó wà lórí mọ́kànlá. Lẹ́ẹ̀kẹta, mẹ́wàá. Onítọ̀hún á búra pé ẹ̀yìn ni aago ń rìn, díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ iwájú ló ń sáré lọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ohùn tí gbígbọ̀n rẹ̀ bá yá ju ojú kọ̀ǹpútà lọ ṣe máa ń wọlé bí ohùn mìíràn tó lọ́ra. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú ọkàn mi, mo ní ta ni òpònú tí yóò máa wo aago ní wákàtí mọ́kànlá mọ́kànlá.

Iṣẹ́ àṣekágbá kọ́ọ̀sì náà ni èyí: kí a pín ara wa sí méjì méjì, kí àwọn méjì kọ̀ọ̀kan fọwọ́ ara wọn ṣe ẹ̀rọ tí yóò gbé ohùn láti inú maikirofóònù sínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì mú ẹnì kan tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ wá láti sọ̀rọ̀ sí i. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo la ní, kékeré, kò ní ojú tirẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan ni wọ́n so mọ́ ọn kí a lè máa rí ohun tí à ń tẹ̀. Inú rẹ̀ kò gbà ju ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin lọ. Dọ́kítà Ọláìtán wá fi òfin kan dé e: ẹ̀rọ tó bá ń kùn lọ́jọ́ ìdánwò, kárí-ófà ni, àwọn tó ni ín yóò tún kọ́ọ̀sì náà ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo ti sọ fún Tàíbátù pé ọdún yìí ló parí, mi ò sì mọ ẹnu tí màá fi sọ òmíràn.

Victoria Oyèkànmí ni wọ́n pín mọ́ mi, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún láti Ìbà Housing Estate. Ìṣirò rọrùn fún ọmọ náà bí ẹ̀kọ mímu, ṣùgbọ́n ó ń sá fún ayọ́ọ̀nù tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì bí ẹni rí ejò. Èmi ní tèmi, bí mo bá rí ìlà ìṣirò mẹ́ta, oorun á dé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. A pín iṣẹ́ láìjà: mo jó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó kọ gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà yóò ṣe.

Tàíbátù ni mo mú wá. Ó fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún aládùúgbò ṣọ́, ó wọ bùbá tó dára, ó jókòó síwájú maikirofóònù. Mo ṣàlàyé fún un pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré ló ní. Ó ní òun gbọ́. Mo tẹ bọ́tìnnì. Ìyàwó mi tún ọ̀fun ṣe, ó ní ẹ kú ìjókòó níbí o, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá, ẹ kú àfaradà Bàbá Abọ́lá. Àyè tán. Kò tíì kí wa dé ìdajì. Abọ́lá ni àkọ́bí wa. Nígbà tí a fi ohun tó sọ sétí, ìkùn kan bò ó mọ́lẹ̀, húùùù, bí ẹni pé oyin wọlé bá a sọ ọ́. Síbẹ̀, Dọ́kítà Ọláìtán tó ń kọjá lọ gbọ́ "ẹ kú iṣẹ́" láti inú sípíkà, ó sì dáhùn pé "Òo, ẹ ṣé, mà," kí ó tó rántí pé ẹ̀rọ ni. Victoria fi ìwé bo ẹnu.

Ẹ̀rín parí, ìkùn kò parí. Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa ní Alábà, bí rédíò bá ń kùn, ìdí sípíkà la ti ń bẹ̀rẹ̀. A ó máa padà sẹ́yìn, ìpele kan lẹ́yìn òmíràn, títí a ó fi ká ariwo náà mọ́ ibi tó ti ń ṣeré. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe. Mo pààrọ̀ sípíkà. Mo pààrọ̀ wáyà. Mo ro pé iná NEPA ni, ṣùgbọ́n mo mọ ohùn NEPA bí mo ṣe mọ ohùn ìyá mi, èyí ga jù ú lọ. Victoria fi ìṣirò ka iye ìgbà tó ń gbọ̀n, ó ní ọ̀ọ́dúnrún ó lé márùndínlọ́gọ́rin ni láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, 375, bí kò bá yẹ̀ díẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀. Mo ní kó bá mi fi ìṣirò gé e kúrò. Ó gé e, ìkùn náà yẹ̀ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ó fẹ ibi tó gé lójú, ìkùn náà dín kù, ṣùgbọ́n ohùn Tàíbátù wá ń jáde bí ohùn ẹni tí ọ̀fìnkìn dì nímú. Tàíbátù gbọ́ ọ, ó bínú. Ó ní òun kì í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin. Mi ò lè jẹun dáadáa mọ́, ẹ̀rù bà mí gidi. Mo bẹ Tàíbátù kó tún wá, bóyá bó bá sọ̀rọ̀ sókè á borí ìkùn náà. Ó wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbìyànjú láti má kí ẹnikẹ́ni, ó wá fi àdúrà bẹ̀rẹ̀. Kò dé àmín tí àyè fi tán. Ìkùn náà ṣì wà nílé.

Victoria di orí mú. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pa tẹlifíṣọ̀n yìí díẹ̀. Ó ń súfèé sí mi létí látàárọ̀."

Mo ní súfèé wo? Mo ti yí ohùn tẹlifíṣọ̀n náà délẹ̀ pátápátá, kò lè súfèé. Ọmọ náà wojú mi bóyá mò ń bá a ṣeré. Tàíbátù ló fèsì.

"Irú súfèé tí tilé wa ń sú ni. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti sọ fún yín. Ẹ ní ẹ̀ ń gbọ́."

Ara mi gbóná. Mo ní kí àwọn méjèèjì kọ ẹ̀yìn sí mi, kí wọ́n na ọwọ́ sókè bí súfèé náà bá wà, kí wọ́n sọ ọ́ sílẹ̀ bó bá dákẹ́. Mo tan tẹlifíṣọ̀n náà, mo pa á, mo tún tàn án, nígbà mẹ́wàá. Nígbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni ọwọ́ wọn lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fi etí lé ara àpótí rẹ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Mo mọ súfèé náà o. Nígbà tí mo ṣì wà ní ọmọ ọdún méjìlélógún, bí mo bá ń kọjá ládùúgbò, láti ìta ni mo ti ń mọ ilé tí wọ́n ti tan tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò gbọ́ ọ mọ́ nígbà náà, àwa ọmọṣẹ́ á sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn. Ọjọ́ wo ló ti fi etí tèmi sílẹ̀? Kò sọ fún mi pé òun ń lọ. Mo jókòó sórí àpótí ìjókòó, ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Tàíbátù wá dúró tì mí, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

Victoria kò rójú ẹ̀dùn ọkàn ẹnikẹ́ni. Ìwé ló nà sí mi. Ó ní iye ìgbà wo ni súfèé tẹlifíṣọ̀n ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan? Kò sí atúntẹlifíṣọ̀n-ṣe tí kò mọ nọ́ńbà yẹn lórí. Mo ní 15,625. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ojú kọ̀ǹpútà ń là nígbà 8,000, nítorí náà súfèé yẹn ì bá gbọ̀n ní 16,000 kó tó lè gbọ̀n nígbà méjì géérégé láàárín ìwò kan sí èkejì. Kò pé. Ó fi díẹ̀ kù, bí ọwọ́ aago tó ń fi wákàtí kan kù nígbà kọ̀ọ̀kan. Ó yọ 15,625 kúrò nínú 16,000, ó sì yí ìwé náà sí mi. 375 ló wà níbẹ̀.

Ìkùn tí mo ti ń lé láti ìdí sípíkà wá, súfèé tí etí mi kò gbọ́ ni, ó pààrọ̀ aṣọ lẹ́nu ọ̀nà. Mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo fi ọwọ́ wá bọ́tìnnì bí afọ́jú, Tàíbátù tún ṣàdúrà díẹ̀, a fi í sétí. Ó mọ́ tónítóní. Mo fò sókè. Victoria fò. Tàíbátù kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí i pé ijó ti dé, ó sì bá wa jó o.

A ò lè fi tẹlifíṣọ̀n pípa ṣe ìdánwò, nítorí òun ni ojú wa. Àmọ́ ibi tó kù yìí, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Mo mú rẹ̀sísítọ̀ mẹ́ta àti kàpásítọ̀ mẹ́ta jáde nínú àpò mi, mo jó wọn pọ̀ ní ìpele mẹ́ta, mo sì fi wọ́n sí ẹnu ọ̀nà gan-an, láàárín maikirofóònù àti ibi tí ohùn ti ń di nọ́ńbà, kí ohun tó bá ń gbọ̀n jù má lè kọjá. Kò gbà mí tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Victoria ló bá mi di wáyà mú, kò sì sá fún ayọ́ọ̀nù.

Ọjọ́ Ẹtì ni ìdánwò. Gbogbo kíláàsì kún inú yàrá náà, tẹlifíṣọ̀n wà ní títàn. Dọ́kítà Ọláìtán yẹ ohun tí mo jó wò, ó wá kọjú sí mi, kì í ṣe sí Victoria. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí ẹ fi í síwájú? Ṣé ẹ ò lè jẹ́ kí ó wọlé ná, kí ẹ wá fi ìṣirò yọ ọ́ lẹ́yìn?"

Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọdún mi wà. Mo wo pátákó, ìlà ìṣirò kankan kò wá sí mi lórí. Mo wá sọ èyí tí mo mọ̀. Mo ní ọdún tó kọjá, wọ́n pè mí sí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan ní Okokomáíkò láti wá tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn ṣe. Wọ́n ní kí n bọ́ bàtà àti fìlà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n yá mi ní sùtánà funfun, mo wọlé. Mi ò tíì dé ìdí ẹ̀rọ náà tí ẹnì kan fi gbé àbẹ́là lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n ṣáájú, orin ti yá. Èmi Rájí, ọmọ lẹ́mọ́mù ìlú mi. Kò sí bí ó ṣe lè mọ̀. Aṣọ wa bára mu, ẹsẹ̀ gbogbo wa ló wà nílẹ̀ lásán. Ẹni kan ṣoṣo tó mọ̀ pé àlejò ni mí ni ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, tó rí fìlà mi. Súfèé yìí náà, bó bá ti wọlé, ó ti gbé aṣọ 375 wọ̀, ohùn ìyàwó mi náà sì ní 375 nínú. Bí mo bá ní kí n lé e jáde, màá lé ìyàwó mi mọ́ ọn.

Ẹ̀rín bú jáde, Victoria tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ. Dọ́kítà Ọláìtán kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó bi mí pé ta ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi báyìí. Mo ní, "Ẹ̀yin ni, sà. Aago yín ni." Nígbà náà ló wá rẹ́rìn-ín, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó ní ó ku kí ẹ̀rọ náà sọ tẹnu rẹ̀.

Tàíbátù jókòó síwájú maikirofóònù. Èmi tẹ bọ́tìnnì, mo sì tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n, mò ń ka ìṣẹ́jú àáyá lẹ́nu, ẹ̀rù ń bà mí kí ó má tún bẹ̀rẹ̀ sí í kí gbogbo kíláàsì. Ẹnu rẹ̀ ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Àṣà mi ni. Àyè tán. Gbogbo yàrá ti dákẹ́ rọ́rọ́, mi ò sì mọ ìdí. Mo fi í sétí.

Kò sí ìkùn rárá. Ohùn ìyàwó mi ló jáde, bí ẹni pé ó jókòó sínú sípíkà náà: "Bàbá Abọ́lá, ẹ yege, ẹ ò yege, ẹ ti tó mi í fi yangàn."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin gẹ́lẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógún tí a ti fẹ́ra, ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ sí mi létí. Mi ò lè gbé orí sókè. Dọ́kítà Ọláìtán ní òun fẹ́ tún un gbọ́, kí òun lè mọ̀ dájú pé kò kùn. Ó tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kíláàsì pàtẹ́wọ́, ó sì sọ fún èmi àti Victoria pé kí a lọ máa múra sílẹ̀ fún gbígba ìwé ẹ̀rí. Kárí-ófà kò sí fún wa.

Èmi àti ìyàwó mi rìn jáde, a forí lé Ìyànà Ìbà kí ó lè lọ gba ọjà rẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò. Mo gbé àpò rẹ̀ dání, ohun tí mi ò ṣe rí. Inú mi dùn débi pé mò ń kí àwọn tí mi ò mọ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tí a dé ibi tí ariwo mọ́tò ti pọ̀, mo dúró, mo ní kó jọ̀ọ́, kó tún ohun tó sọ lẹ́ẹ̀kan, níbẹ̀ yẹn, sọ, kí n fi etí ara mi gbọ́ ọ.

Tàíbátù gba àpò rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin mi ti pé.